Ta Ló Ni Òpó Kamina?

Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ará Jámánì tó wà ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé ní ilẹ̀ Togo, wó òpó rédíò mẹ́sàn-án tí wọ́n fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta gbé dìde. Mẹ́ta nínú òpó náà ga ní mítà 75, mẹ́fà yòókù ga ní mítà 120. Ọ̀tá kò tíì dé ìdí wọn. Ọ̀nà ni wọ́n ṣì wà. Ní ọjọ́ 26, wọ́n juwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, àwọn yẹn sì bá àlàpà irin nílẹ̀. Ogun ló fa ìyẹn, ogun a sì máa ba nǹkan jẹ́ níbi gbogbo, kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi nínú ìtàn náà ni ohun tó tẹ̀ lé e: pé láti òru yẹn títí di òní, kò sí òpó kan ṣoṣo nínú wọn tó tún dìde. Bẹ́ẹ̀ Atakpamé kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Àwọn Ìfẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Àná ń gbé níbẹ̀, èdè wọn tan mọ́ tiwa, wọ́n sì ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ bí orírun. Bí òpó mẹ́sàn-án bá wó sílẹ̀ ìbátan ẹni, tí kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn onílé tó lè sọ ohun tó ń mú wọn dúró, ó tọ́ ká béèrè ta ló ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà lóòró.

Kamina kì í ṣe nǹkan kékeré nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ Telefunken ló gba iṣẹ́ náà, Anton Codelli, ọlọ́lá kan láti Ljubljana, sì ni ẹnjiníà tó ṣíwájú rẹ̀. Ohun tí ìjọba Jámánì ń wá ni kí ọ̀rọ̀ máa ti Nauen, lẹ́bàá Berlin, lọ tààrà sí Togo, ìrìn tó lé ní 5,000 kìlómítà, láìgba inú wáyà abẹ́ òkun kọjá. Ìdí tí wọ́n fi ń wá a fojú hàn nígbà tí ogun dé. Ní ìdájí ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Alert jáde lọ gé àwọn wáyà Jámánì tó wà nísàlẹ̀ òkun. Ẹni tí wọ́n gé wáyà rẹ̀ ti di odi, àfi tó bá ní ẹnu mìíràn, Kamina sì ni ẹnu mìíràn náà. Ó ń bá àwọn ọkọ̀ Jámánì tó wà lójú Atlantic sọ̀rọ̀, ó sì ń gba ọ̀rọ̀ Berlin fún àwọn ilẹ̀ yòókù tí Jámánì ń jọba lé lórí ní Áfíríkà. Òun ló jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun sáré wọ Togo láti Gold Coast ní ìwọ̀ oòrùn àti láti Dahomey ní ìlà oòrùn, nígbà tí ogun ọ̀hún kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ojú irin tó ti Lomé wá ni wọ́n fi kó ẹrù, ṣùgbọ́n ojú irin kì í ṣán igbó, kì í gbẹ́ ihò ìpìlẹ̀, kì í sì í ru irin dé ìdí òpó. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ló ṣe ìyẹn. Orúkọ Codelli wà nínú ìwé. Ti àwọn tó gbẹ́ ihò kò sí. Òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ níbòji, òwe náà kò tíì gbó.

Irú ìgbì gígùn tí Kamina fi ń sọ̀rọ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó gùn jù nínú ẹbí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ń lò títí di òní láti fi bá ọkọ̀ ogun abẹ́ òkun sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun ìjìnlẹ̀ awo nínú ìdí rẹ̀. Omi òkun níyọ̀. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó lè gbé iná mànàmáná, ohun tó bá sì ń gbé iná dáadáa a máa gbé ìgbì rédíò mì. Ìgbì tí fóònù ń lò kò lè wọ inú òkun ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ lọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbì tó lọ́ra, èyí tó ń mì láàárín ìgbà 3,000 sí 30,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lè rì tó nǹkan bí mítà 20 kó tó parẹ́, ìyẹn sì tó fún ọkọ̀ tó fara pamọ́ láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ láìyọ orí síta. Ìṣòro rẹ̀ ni gígùn. Ìgbì tó bá ń mì ní ìgbà 24,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó kìlómítà méjìlá àbọ̀. Eríálì tó bá a mu, tí a bá ní ká ṣe é bó ṣe yẹ, yóò ga ju kìlómítà mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ilé tó ga jù láyé lónìí, èyí tó wà ní Dubai, kò tó kìlómítà kan. Nítorí náà aràrá ni gbogbo eríálì irú èyí, bó ti wù kó ga lójú ẹni tó dúró nídìí rẹ̀. Èyí tó wà ní Cutler, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961, ní òpó 26, àwọn tó ga jù níbẹ̀ sì ga ní mítà 304. Èyí tó wà ní North West Cape ní Ọsirélíà ní òpó 13, tí àárín wọn ga ní mítà 387. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣí i, ní ọdún yẹn kan náà ni òkun gbé olórí ìjọba Ọsirélíà, Harold Holt, lọ, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdó náà. Ẹni tí òkun gbé mì di orúkọ ohun tó ń bá inú òkun sọ̀rọ̀. Ayé a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Eríálì tó bá kúrú ju ìgbì rẹ̀ lọ tó báyìí kò ní agbára láti ju iná sójú ọ̀run wọ́ọ́rọ́wọ́. Díẹ̀ báyìí ló ń jáde, ohun tó kù ń wá ibi tí yóò gbà sá lọ, ilẹ̀ ni ó sì sábà máa ń sá sí. Bí ilẹ̀ abẹ́ òpó bá gbẹ tàbí tó bá jẹ́ àpáta, iná tí wọ́n fi owó ńlá ṣe yóò kàn máa mú yẹ̀pẹ̀ gbóná ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ri wáyà bàbà mọ́lẹ̀, tí ó ń ti ìdí òpó ya káàkiri bí ìtànṣán oòrùn. Ní Cutler, wáyà tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn lé ní 3,000 kìlómítà, àwọn mìíràn sì wọ inú òkun. Ẹni tó bá lọ wo ibùdó náà yóò gbé ojú sókè wo òpó, yóò ya fọ́tò, yóò máa lọ. Kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdajì eríálì náà ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń gbé ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Dáàmù Èkó Èǹdé tó wà lórí odò Ọ̀tìn ni gbogbo ojú ń rí, òun ni à ń pè nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ omi; ṣùgbọ́n dáàmù lè kún dẹ́nu kí ẹ̀rọ ẹnu ilé máà kán tótó kan, tí páìpù bá ti bẹ́ níbi kan lábẹ́ ọ̀nà tí a kò mọ̀. Páìpù tó bẹ́ tilẹ̀ sàn, torí ilẹ̀ ibẹ̀ yóò rẹ, àwọn ọmọdé yóò rí i. Wáyà bàbà tó já lábẹ́ ilẹ̀ kì í rẹ ilẹ̀, kì í hu koríko tútù. Kìkì ẹni tó ń wo ojú mítà lójoojúmọ́, tó sì mọ ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń dúró sí lánàá àti ní èṣí, ni yóò mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀.

Ohun tó tún wà lókè náà ní ìyà tirẹ̀. Tánganran ńlá ni wọ́n fi ń gbé wáyà dúró, èyí tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iná bọ́ sílẹ̀. Eruku àti iyọ̀ òkun tó bá bà lé tánganran yẹn lè di ọ̀nà tí iná máa gbà yọ́ lọ. Iná tó wà lára wáyà orí òpó lágbára débi pé, bí igun irin kékeré kan bá ṣe ṣóńṣó níbi tí kò yẹ, atẹ́gùn àyíká rẹ̀ yóò máa tàn bàìbàì lóru, yóò máa kùn, yóò sì máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Irin a máa dógùn-ún. Ọ̀dà pupa àti funfun a máa ṣí. Ààrá a máa sán. Ní Maine, yìnyín a máa dì mọ́ wáyà títí yóò fi wúwo tó láti já a, nítorí náà wọ́n ṣètò iná ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi ń mú wáyà gbóná kí yìnyín lè yọ́ dànù. Kò sí ọ̀kankan nínú iṣẹ́ yìí tó parí rí. Ẹni tó kun òpó tán lónìí ti mọ ọjọ́ tí yóò tún un kùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá jinlẹ̀ lójú mi ni pé ẹni tí wọ́n ń ṣe gbogbo làálàá yìí fún kò lè dáhùn. Ọkọ̀ abẹ́ òkun lè gbọ́ ìgbì yìí, ṣùgbọ́n kò lè fi í sọ̀rọ̀ padà, torí kò sí bí ó ṣe lè ru òpó mítà 300 lẹ́yìn; tí ó bá sì yọ síta láti lo rédíò mìíràn, ó ti fi ibùba rẹ̀ han ọ̀tá. Ó kàn ń gbọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ketekete, kò ní dúpẹ́. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, kò ní pariwo. Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan nílé wa níhìn-ín. Ẹkún ni à ń dúró dè. Kí àwọn ará àdúgbò kó jáde, kí rédíò sọ ọ́, kí ọba ránṣẹ́, nígbà náà ni ọkọ̀ àtúnṣe á gbéra. A ti sọ ariwo di mítà wa. Níbi tí ẹni tó ń gbọ́ kò bá ti lè pariwo, irú ọgbọ́n yẹn kò wúlò rárá, àfi kí ẹni tó wà nídìí òpó máa ṣe ohun tó yẹ nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ pé. Ìtọ́jú nìyẹn. Èyí tí à ń ṣe lẹ́yìn ẹkún, àtúnṣe ni, àtúnṣe sì máa ń náni ju ìtọ́jú lọ.

Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ẹni tó mọ ìtọ́jú nǹkan ló ni ín, yálà orí ilẹ̀ rẹ̀ ló wà tàbí kò sí níbẹ̀. Ìtàn ibùdó méjì mìíràn ló jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1943, Jámánì kọ́ ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Goliath ní Kalbe, láti máa fi bá àwọn ọkọ̀ abẹ́ òkun wọn sọ̀rọ̀. Agbára rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan wáàtì. Nígbà tí ogun parí, ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Wọn kò wó o. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n kó o gba orí ojú irin lọ sí ilé wọn, wọ́n sì tún un gbé dìde lẹ́bàá ìlú Nizhny Novgorod, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní 1952. Ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n jogún, irin nìkan kọ́ sì ni. Wọ́n ní àwọn ènìyàn tó mọ ohun tí irin yẹn wà fún. Èkejì wà ní Grimeton ní Sweden. Ọdún 1924 ni wọ́n kọ́ ọ, òpó rẹ̀ mẹ́fà ga ní mítà 127, ẹ̀rọ onírin tó ń yí bíi ti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe ìgbì rẹ̀. Irú ẹ̀rọ yẹn ti di àpáàdì irin níbi gbogbo láyé, àwọn ológun ojú omi Sweden sì ń fi ibùdó náà bá ọkọ̀ abẹ́ òkun wọn sọ̀rọ̀ títí di ọdún 1990 sókè. Lónìí àwọn arúgbó àti ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń fi òróró pa á, tí wọ́n ń tan án ní ọjọ́ ọdún rẹ̀ àti ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, UNESCO sì ti fi í sínú ogún àgbáyé láti 2004. Ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì ń sọ̀rọ̀. Kamina, tó fi ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú rẹ̀, kò fọhùn ju ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ lọ.

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn mí. Àwọn amúnisìn ló kọ́ Kamina fún ogun ara wọn. Ó wó, ó dára bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé kò sí ìdí tí ará Atakpamé yóò fi sunkún òpó tí wọ́n fi àgbàṣe gbẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹlòmíràn lè fi kún un pé bí àwọn ọmọ ilẹ̀ tilẹ̀ mọ gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀, Jámánì yóò ṣì wó o ní òru yẹn. Òótọ́ nìyẹn pẹ̀lú, ó sì ba àlàyé mi jẹ́ díẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó gba ibẹ̀ ní ìmọ̀ láti tún un kọ́, wọn kò sì ṣe é. Wọn kò nílò rẹ̀. Wọ́n ní wáyà abẹ́ òkun tiwọn. Nítorí náà ìmọ̀ nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń dúró láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí èyí gbé wa dé. Àwọn tó nílò rẹ̀ lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò nílò rẹ̀. Àwọn tó kù síbẹ̀, tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n nílò rẹ̀, nítorí wọn kò fi ìgbà kan wà lára àwọn tó lè lò ó. Ihò ni wọ́n kọ́ wọn ní gbígbẹ́. Ẹni tí a kọ́ ní ihò gbígbẹ́ nìkan kò ní ohùn nínú ohun tí a rì sínú rẹ̀, ní Kamina tàbí níbikíbi.

Wọ́n tún lè sọ pé sátẹ́láìtì ti dé, òpó ti di ohun àtijọ́. Sátẹ́láìtì kò lè bá ọkọ̀ tó rì sísàlẹ̀ sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Rọ́ṣíà àti Íńdíà ṣì fi ń náwó lórí òpó títí di ìsinsìnyí. Nàìjíríà ńkọ́? A kò ní ọkọ̀ ogun abẹ́ òkun kankan, n kò sì rí ìdí tí ó fi yẹ ká sáré lọ rà á. Ṣùgbọ́n a ní òpó. Òpó rédíò wà ní Òkè Báálẹ̀ ní Òṣogbo, òpó fóònù kún gbogbo ọ̀nà láti Ìkìrun dé Òkukù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àjèjì sì ń wá láti ìlú ńlá kó tó di pé a mọ ohun tó ṣe wọ́n. Ilé omi wà, páìpù wà, wáyà iná wà. Èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: èyí tí a rí lókè ni à ń ṣí pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹbí, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni à ń fi sílẹ̀ fún kọngílá tó ti gba owó tirẹ̀ lọ.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó, wọ́n ní ìtọ́jú ń gba owó tí a kò ní. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kó tún wo Cutler lẹ́ẹ̀kan sí i. Òpó 26 tí mo kà lẹ́ẹ̀kan yẹn kì í ṣe eríálì kan. Méjì ni, mẹ́tàlá-mẹ́tàlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dá sọ̀rọ̀ láìsí èkejì. Èèyàn kì í gun òpó tí iná wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ abẹ́ òkun kò sì gbọdọ̀ dá dúró nítorí pé ẹnì kan fẹ́ kun irin. Wọ́n mọ èyí kí wọ́n tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́, wọ́n sì ti fi owó ọjọ́ ìtọ́jú sínú owó kíkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé kí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́ dáàmù méjì sórí odò kan. Ohun tí mo ń wí kò náni tó bẹ́ẹ̀: nígbàkigbà tí wọ́n bá tún fẹ́ ri páìpù tàbí wáyà tuntun mọ́lẹ̀ ní agbègbè Èkó Èǹdé, kí wọ́n mú ọmọ ìlú méjì tàbí mẹ́ta láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n fi wọ́n sídìí kòtò pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, kí wọ́n sì fi orúkọ wọn sínú ìwé àdéhùn bí orúkọ kọngílá. Kí wọ́n kọ ibi tí gbogbo oríkèé wà sílẹ̀ kí wọ́n tó dà yẹ̀pẹ̀ bò ó, torí lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó rì í nìkan ló mọ̀, òun náà sì ti padà sí Èkó.